Ẹni Tó Ri Igi Àkọ́kọ́

Àwọ̀n ti wà nínú omi kí ọkọ̀ Ruth tó dé ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń tan òun jẹ, nítorí kùrukùru òwúrọ̀ ṣì bo ọ̀sà Ajido. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń tukọ̀ súnmọ́ ọn, ó rí ọkọ̀ ńlá Dàá Mákánjú tòun ti ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀, ó rí géńdé mẹ́rin tó háyà wá láti Aradagun, ó sì rí àwọ̀n náà. Ojú rẹ̀ wẹ́ débi pé ẹ̀fọn kò ní rí ibi gbà kọjá.

Rewájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé àjẹ̀ sórí itan. "Ṣebí òní la ní a máa kó ẹja náà?"

"Òní ni," Ruth dáhùn.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ọ̀dọ́ mẹ́tàlá, Ruth àti Rewájú pẹ̀lú wọn, fi tọ́jú ọgbà ẹja yìí. Ẹ̀ka igi ni wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà, kí ẹja lè rí ibi sá sí, kó máa jẹ, kó máa bí. Wọn ò gé igi ẹ̀gbà kankan. Àwọn àgbà ti gé ẹ̀gbà etí omi, tí ẹja ń sá sí ìdí rẹ̀, fi yan ẹja tán, ẹja náà sì ti bá tirẹ̀ lọ. Igi tó wó sínú oko àgbọn ni àwọn ọ̀dọ́ yìí ń rù, tí èjìká wọn ń bó. Wọ́n fẹnu kò pé àwọ̀n olójú ńlá nìkan làwọn máa lò, kí ẹja kéékèèké lè yè, pé ìdámẹ́ta ohun tí àwọn bá kó sì jẹ́ ti àwọn opó tí kò ní ọkọ̀. Ìyá Deborah, opó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ruth, ti tún ààrò tó fi ń yan ẹja mọ láti ọjọ́ Àìkú. Àwọn ará ìlú fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí: ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń sin ẹja!

"Dàá, ẹ káàárọ̀." Ruth kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, òun sì ni olórí ẹbí. Inú ń bí i burúkú, síbẹ̀ orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀ kó tó rántí pé inú ń bí òun. Ó kórìíra orúnkún náà.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yin ọmọ yìí mà ṣiṣẹ́ o! Ẹ wo ẹ̀pìyà! Mọ́tò oníyìnyín ti ń bọ̀ láti Àgbádárìgì."

"Dàá, gbogbo wa la ni ín. Ilé yín la ti jọ sọ ọ́."

"Ta ló ri igi àkọ́kọ́?"

Kò gbé ohùn sókè. Kò nídìí. Gbogbo ẹni tó ń pẹja lórí omi yẹn, dórí ọmọ ọdún méje, ló mọ̀ pé ẹni tó bá ri igi àkọ́kọ́ ló ni ojú omi náà àti ohunkóhun tó bá sá pamọ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọgbà náà, Rewájú ti sọ ọ́ pé kí àwọn rì í fúnra àwọn. Ruth ló yarí. Ó ní kí wọ́n fi ti àgbà ṣe, kí ìlú má bàa pe àwọn ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ló ń wí kiri bí ọlọ́gbọ́n. Dàá ri igi náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ àgbàlagbà mà wọ kèrègbè o, ó sì ti kó o gbẹ.

"Àwọn opó ńkọ́, Dàá?"

"Wọ́n á rí jẹ. Ṣé èèyàn burúkú ni mí ni?" Ó ju ẹ̀pìyà mẹ́ta sínú ọkọ̀ wọn. Ọ̀kan kò ju àtàǹpàkò lọ. Ruth dá a padà sómi, ṣùgbọ́n ó ti kú, ó kàn ń léfòó ni.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Ìyá Deborah ti dáná sílẹ̀ dè wọ́n létí omi, èéfín èèpo àgbọn ń rú. Ó wo inú ọkọ̀, ó wo ojú Ruth.

"Mákánjú ni?"

"Òun ni, mà."

"Òun lẹ ní kó ri igi àkọ́kọ́?"

"Òun ni."

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iná lábẹ́ ààrò, ní èèpo kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n bọ yanrìn. Kò ṣépè. Ì bá tiẹ̀ ṣépè.

"Ta ló gbé igi lé e lọ́wọ́?"

Ruth ni. Òun ló ṣa igi náà láàárín ogójì, èyí tó gún jù lọ. Òun ló jókòó sí etí omi yìí kan náà, tó fi ọ̀bẹ bó èèpo ara rẹ̀ títí ó fi ń dán, kó má bàa ha Dàá lọ́wọ́.