Apá Kejìlá Ló Kọ́kọ́ Wọlé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyá mi, Àwẹ̀ró, àti àbúrò rẹ̀, Sàúdátù, fi gbé àgbàlá kan náà ní àdúgbò Nima láìkí ara wọn. Ìsọ̀ ọṣẹ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ ló dá ìjà náà sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá sín, èkejì á ti fèrèsé. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì Bushrah, ọmọ Sàúdátù, ìyá mi ló sì tọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Bushrah fi omijé wẹ̀ mí látòkè délẹ̀.

"Bùrọ̀dá Ṣàfíù, bí Màámi Àgbà ò bá jókòó tì mí, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n so yìgì kankan."

Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn fíìmù ju oúnjẹ lọ. Mo wá fíìmù alápá méjìlá kan, ti ìyálé àti ìyàwó, tó ń fi ibi tí ìjà ń gbéni dé hàn, mo dà á sínú àpótí kékeré tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí tẹlifíṣàn pálọ̀. Bí apá kan bá tán, àpótí á ka márùn-ún, á fúnra rẹ̀ bẹ́ sí òmíràn. Ọjà Kantamanto ni mo ti ń ta àlòkù aṣọ, béèlì, ìdì aṣọ ńlá, ni mo mọ̀ ọ́n dì: ohun tí o bá fẹ́ kó kọ́kọ́ jáde, òun lò ń kó sí i kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó fíìmù náà. Mo kọ́kọ́ ju apá kejìlá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo wá fi apá kìíní lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Àpótí ọ̀dàlẹ̀! Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé lòun ń kọ́kọ́ gbé jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Ayílà, mo fi fíìmù tan àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀, ọ̀kan kọjú sí Kúmásì, èkejì kọjú sí òkun. Mo tẹ rìmóòtù. Ká tó ṣẹ́jú, ìyálé inú fíìmù ti fi ọmọ odó la orí ìyàwó. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí odò Fóltà.

Sàúdátù pòṣé. "Àgbà burúkú. Wọ́n pọ̀ nílé yìí."

"Ta lò ń bá wí?"

"Ẹni tọ́rọ̀ bá bá mu."

"Sàúdátù, ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ẹ́ dàgbà o!"

"Ìwọ? Pọ̀n mí?"

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ! Àbàrá tí ìyá mi fi dá a lóhùn, ládàánì rò pé ààrá ni. Sàúdátù fò mọ́ ọn, ó gé e jẹ ní èjìká. Ìyá mi gbé àga, ó fọ́ ọ mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín wúrà kan gba ojú fèrèsé jáde, ó lọ bá ewúrẹ́ kan ní Mámòbì, àdúgbò kejì, ewúrẹ́ náà kú.

Àpótí ka márùn-ún, ó bẹ́ sí apá kọkànlá. Ìyàwó ń da kẹrosíìnì sí ṣọ́ọ̀bù ìyálé.

"Ẹ ò rí i!" Ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú ìyá mi. "Àbúrò ló kọ́kọ́ ṣìkà!" Ó gbá orí Sàúdátù mọ́ ògiri.

Apá kẹwàá: ìyálé da epo gbígbóná sẹ́yìn ìyàwó. Ni Sàúdátù bá di apá ìyá mi mú, ó lọ́ ọ, ó dún kà bí igi gbígbẹ. Mo ń wá rìmóòtù, abẹ́ wọn ló wà. Àpótí ṣáà ń kà, ó ń tú ẹ̀ṣẹ̀ tuntun sílẹ̀.

Nígbà tí Sàúdátù gbé ọmọ odó tiwa gan-an láti ẹ̀yìnkùlé, mo mọ̀ pé òkú la ó sin ní Jímọ̀, kì í ṣe yìgì la ó so. Mo dọ̀bálẹ̀ sí àárín wọn.

"Ẹ dákun! Ẹ̀yìn ni fíìmù náà ń lọ! Èmi ni mo kó o bíi béèlì!"

Ọmọ odó dúró lókè.

"Bíi kí ni?" ni ìyá mi wí.

"Béèlì."

"Ọmọ yìí fẹ́ pa wá," ni Sàúdátù wí.

"Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Apá mi kan ti kú."

"Mo ti dì í mú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lù ú!"

Wọ́n lù mí láti apá kẹsàn-án dé apá kẹta. Bó bá ti rẹ ọ̀kan, èkejì á ní kó sinmi, kí òun gbà á.

Ní Jímọ̀, ìyá mi jókòó ti Bushrah, apá rẹ̀ nínú báńdéèjì. Sàúdátù, tí ojú rẹ̀ wú bíi kénké, ẹ̀kọ àgbàdo ibí, ń fi ìrẹsì oníẹ̀wà bọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Orí ẹní ni èmi wà nínú yàrá, egungun ìhà méjì ti kán, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Kò sẹ́ni tó rántí bu oúnjẹ wá fún mi.