Òǹkàwé Kan Ṣoṣo

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí mi! Ẹ̀yin fúnra yín ni!"

Ẹ̀rín pa àbúrò Akọ̀wé ọkùnrin, tí fóònù Akọ̀wé wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí ó fi lọ jókòó lé orí apẹ̀rẹ̀ aṣọ tó dọ̀tí. Akọ̀wé dúró sídìí tábìlì nílé ìfọṣọ wọn, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé nǹkan ń jó títí èéfín fi yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò wéré. Ọlọ́run yọ ọ́, aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ló jó, kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà.

"Tún un sọ," ó wí.

"Tí ẹ bá jí láàárọ̀, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo máa ń ṣí búlọ́ọ̀gì mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wò, bóyá ẹnìkan ti kà á."

"Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣí i wò yẹn náà ni ẹnìkan tí òǹkà rẹ̀ ń fi hàn yín lójoojúmọ́. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún."

Ojú ti Akọ̀wé débi pé etí rẹ̀ gbóná. Òǹkàwé kan ṣoṣo yìí, ó ti fún un ní ojú, ó ti fún un ní ìrìn. Lọ́kàn rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan ni, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń mu tíì nídìí fèrèsé. Nígbà tí ọ̀fìnkìn dá Akọ̀wé dùbúlẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí bàbá yìí má bínú pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ náà kúrú. Ọjọ́ tí fóònù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, tí òǹkà fi hàn pé bàbá kò yọjú, ó ṣàníyàn, ó ní àbí ara wọn ni kò yá. Àárọ̀ òní gan-an ló kọ ọ̀rọ̀ ìparí ọdún, ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Àwòrán tó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bá òun fi sí i ló fa gbogbo wàhálà yìí: ibẹ̀ ni àbúrò ti rí òǹkà náà.

Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ọdún pé ọ̀sẹ̀ kan kò ní kọjá kí òun má kọ nǹkan. Ó mú ìyẹn ṣẹ, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ náà ní ìdajì kejì: bí ọdún bá parí tí ẹnikẹ́ni kò kà á, òun á pa á rẹ́, òun á gbájú mọ́ aṣọ aláṣọ. Òní ni wọ́n ń ti ilé ìfọṣọ fún ìsinmi ìparí ọdún.

"Ṣé kí n pa á rẹ́ ni?" àbúrò rẹ̀ béèrè. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Dúró ná. Kí ló dé tí àwọn èèyàn kò kà á? Ṣé kò dára ni?"

"Ta lẹ sọ fún pé ó wà?"

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó jó náà.

"Èmi tí mo bá yín ṣe é gan-an, ẹ ní tí mo bá kà á, ẹ ó fi áyọ́ọ̀nù lọ etí mi."

Hà! Òtítọ́ ni. Láàárín ọdún, ó tilẹ̀ kọ ọ̀kan tó gbóná janjan, tó fi na àwọn èèyàn òde òní lẹ́gba ọ̀rọ̀ pé wọn kì í kàwé mọ́. Èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó tún ń bínú pé àlejò kò wọlé! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ó sì mọ ìdí tó fi ti ilẹ̀kùn. Ìdí náà wà ní yàrá iwájú, ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Àwọn méjèèjì ló ni ilé ìfọṣọ náà, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n kò mọ ohun tí Akọ̀wé ń kọ. Ohun tó ń kọ ni ọdún tí ìyá wọn fi ṣàìsàn: bí òun ṣe ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì Màámi lójoojúmọ́, tí ẹ̀gbọ́n òun wà níbi iṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, tó jẹ́ pé ìsìnkú ló wá bá. Ìbínú ló fi kọ ọ́. Àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ ọdún náà rí. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kà á, ó lè dá àárín wọn rú pátápátá. Bí kò bá sì kà á, kí ni òun ń kọ ọ́ fún?

Ó ṣe ọkàn gírí, ó gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. "Má pa nǹkan kan rẹ́."

"Akọ̀wé, ṣé o ti lọ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn tán?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè bó ṣe gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nǹkan kan. Èmi ni mo kọ ọ́. Nípa Màámi ni. Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lórí aṣọ. "Ṣé o bú mi?"

Irọ́ wà nílẹ̀ tó lè pa. Kò pa á. "Mo bú yín."

"Hẹn-ẹ́n." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, ó wọ awò ojú. "Gbé e wá. Ẹni tí wọ́n bá bú, ẹ jẹ́ kó gbọ́ èébú tirẹ̀."

Díẹ̀díẹ̀ ló ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Akọ̀wé dúró tì í, ó ń ṣe é bíi kó já fóònù náà gbà. Ó mọ ibi tó kà dé: *A ń wo ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò wá.* Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bọ́ awò ojú.

"Irọ́ lo pa níbí yìí."

"Irọ́ wo?"

"Mo wá. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo dé. Mo dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń gbọ́ bí Màámi ṣe ń wúkọ́. Ojú ń tì mí pé mo ti pẹ́ jù, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi wọlé. Mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́, màá wọlé." Ó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì oníbàárà nu ojú. "Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo gbọ́ igbe rẹ pé Màámi ti lọ. Mo sá padà, ọjọ́ ìsìnkú ni mo tó wá."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ìwọ náà ò bi mí. Jókòó, mi ò tíì kà á tán."

Akọ̀wé jókòó tì í. Odidi ọdún kan ló fi kọ̀wé nípa ẹnu ọ̀nà yẹn, láti inú ilé. Kò fìgbà kankan rò ó pé ẹnìkan wà lẹ́yìn ògiri, tó ń sunkún bíi tòun.