Mo Ṣì Ń Gbàdúrà Sí I

Kọ̀ǹpútà náà kò kú, kò sì yè. Láti àárọ̀ ló ti ń béèrè ohun kan ṣoṣo, èsì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fún un, kò kúrò lójú kan. Mofolúwakẹ́ jókòó sétí fèrèsé yàrá rẹ̀ ní Inísà, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti máa ń wọlé dáadáa, ó ń wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. Òórùn adìẹ díndín ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ìyá rẹ̀ ni, ó ń dáná de àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Òkukù.

"Mofolúwakẹ́! O ò tíì wẹ̀?"

"Mo ń bọ̀, mà."

Kò bọ̀ níbì kankan. Yàrá náà kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ, pálọ̀ ni ilẹ̀kùn ọ̀hún sì ṣí sí. Bí àlejò bá ti jókòó sí pálọ̀, kò síbi tí ọmọ ènìyàn máa gbà jáde láìkí wọn. Ó tilẹ̀ ti wo fèrèsé wò. Irin wà lójú rẹ̀.

Titus Ọláfimíhàn ló ń bọ̀, òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá mọ ilé, kí àwọn àgbà tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ta ló ní kí wọ́n máa bọ̀? Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má wá, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin Onítẹ̀bọmi, Titus, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Òkukù, sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣe aya. Mofolúwakẹ́ ní, "Màá gbàdúrà sí i." Láàárín ọmọ ìjọ, kò sí èsì tó dùn tó ìyẹn: kì í bí ẹnikẹ́ni nínú, kì í sì í so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ohun tó rò nìyẹn. Titus a máa béèrè lóòrèkóòrè bóyá Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Èsì náà kò yí padà: "Mo ṣì ń gbàdúrà sí i."

Ká má purọ́, kò gbàdúrà kankan. Ńṣe ló kàn ń fi orúkọ Ọlọ́run sá pamọ́. Titus kò ní àlébù. Ká ní ó ní in ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Mofolúwakẹ́ ni kò kàn nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mofolúwakẹ́ wá di ẹyin tirẹ̀ mú pinpin, kò rántí pé ẹyin tó bá pẹ́ jù náà máa ń bàjẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú ìyá Titus. Lójú tirẹ̀, ọmọbìnrin tó gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ lọ́dún méjì, tí kò kọ̀, ó ti gbà nìyẹn. Ó pe ìyá Mofolúwakẹ́ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àdúrà ti gbà. Ìyẹn jó yí pálọ̀ ká.

Fóònù dún. Adéìfẹ́ ni, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, láti Ìbàdàn.

"Mofolú, ibo lo bá a dé? Àwọn oníbàárà ti ń pariwo o."

"Mo ń wò ó, sà. Kò kú, kò sì ṣiṣẹ́."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ sún mọ́ra.

Iṣẹ́ wọn kò ṣòroó ṣàlàyé bí ojú kò bá kánni. Nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan, wọ́n máa ń to àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní irin kankan lára, tó jẹ́ kóòdù lásán, àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n; ọ̀kan nínú wọn ló há láti àárọ̀. Kóòdù tó gbà wọ́n sílé ni onílé. Àlejò kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ló ni gbogbo ilé. Bó bá nawọ́ sí àyè tí kò tíì sí níkàáwọ́ rẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ẹ̀rọ á dá a dúró, á ké sí onílé pé kó wá dá sí i. Bí àyè náà bá wà, onílé á fún un. Bí wọ́n bá ṣì ń gbé e bọ̀, onílé á ní, "Tún béèrè." Bí irú àyè bẹ́ẹ̀ kò bá wá sí rárá ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni onílé máa ń pa àlejò náà lójú ẹsẹ̀. Mofolúwakẹ́ ló rí i pé ìwà ìkà ni, òun ló sì tún kóòdù náà kọ nígbà òjò tó kọjá.

Ó ṣí ohun tó kọ nígbà náà. Ó kà á, ó tún un kà. Níbi tí kò ti sí àyè kankan, ohun tó fi sẹ́nu onílé ni: tún béèrè. Àlejò béèrè, onílé ní kó tún béèrè, àlejò sì gbọ́ràn, ó tún béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ láti àárọ̀, tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀.

"Èmi ni mo fà á, sà," ló sọ fún Adéìfẹ́. "Torí pé mi ò fẹ́ kó kú ni mo ṣe ní kó máa béèrè. Ohun tí kò sì sí ló ń béèrè."

Adéìfẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o ò kàn sọ fún un pé kò sí?"

"Ṣé kò ní dojú dé ni?"

"Dojú dé kẹ̀? Àlejò yẹn lọ́gbọ́n tiẹ̀ lórí. Tó bá ti mọ̀ pé kò sí, á mọ èyí tó máa ṣe. Ìwọ lo ò jẹ́ kó mọ̀."

Ó tún un kọ pé kò sí. Kò gùn rárá. Adéìfẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi sẹ́nu iṣẹ́. Àlejò gba èsì náà, ó pa ètò kékeré kan nínú ara rẹ̀ tó ń nawọ́ síbi tí kò yẹ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí inú Mofolúwakẹ́ dùn. Ilẹ̀kùn pálọ̀ ló ń wò.

"Ẹ káàsán níbí o!" Ohùn obìnrin ni, ó dé pálọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà! Ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ìyá rẹ̀ ń sáré láti ilé ìdáná. "Mofolúwakẹ́! Àwọn àlejò ẹ ti dé!"

Ó ṣílẹ̀kùn. Kò tíì wẹ̀, aṣọ ilé ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Titus na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ìyàwó wa!" Titus jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mofolúwakẹ́ kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè fẹ́ Titus."

Ìyá rẹ̀ ké orúkọ rẹ̀. Ìyá Titus kò ké. Ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ohun tí Ọlọ́run sọ fún ẹ nìyẹn?"

"Ọlọ́run ò sọ nǹkan kan, mà. Mi ò bi í léèrè."

Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. Ó ń retí kí Titus bínú, kó tilẹ̀ bú òun, nítorí ó yẹ bẹ́ẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni Titus béèrè.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Titus mi orí. Ó mí kanlẹ̀, ó wá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí olùkọ́ tó ń fi ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣi ìṣirò hàn án. "Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí Iléṣà lọ́dún tó kọjá, kí n lọ ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Mo kọ̀ ọ́. Mo ní kí n má jìnnà, torí o lè parí àdúrà nígbàkigbà."

"Mi ò mọ̀."

"O ò béèrè."

Ó fa ìyá rẹ̀ dìde. Wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní ni, ǹ bá sunkún lọ́sẹ̀ kan, kó sì tán."

Ìyá Mofolúwakẹ́ bá wọn jáde, ó ń bẹ̀ wọ́n títí dé títì. Mofolúwakẹ́ kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, ó gbà pé nítorí Titus ni òun kò ṣe sọ ọ́, kí ọkàn rẹ̀ má bàa gbọgbẹ́. Ó gbọ́ tí ọkọ̀ dúró, tí wọ́n pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, tó sì kọjú sọ́nà Òkukù. Kì í ṣe nítorí Titus; nítorí ara rẹ̀ ni kò ṣe sọ ọ́.