Gíláàsì Pupa Dókítà Ayẹni

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni: Dókítà Olúdọ̀tun Ayẹni ti kọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n" sára pátákó géètì rẹ̀ ní Bódìjà kí ẹnikẹ́ni tó fi í jẹ oyè náà. Ó kàn dojú pátákó kọ ògiri ni, kí wọ́n má baà ní ó ń kánjú.

Ohun tó kù ò ju kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rónkẹ́ Oyèṣọlá, tí wọ́n pè láti òde wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1996 yẹn, iṣẹ́ ọ̀hún dùn ún gbọ́ létí: gíláàsì tí yóò máa sọ oòrùn di iná mọ̀nàmọ́ná. Ó po ìyẹ̀fun funfun kan tí hóró rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí, ó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú gíláàsì àkànṣe tí iná lè gbà kọjá, ó yan án nínú ààrò, ó sì rì í sínú omi sóbò títí ó fi pọ́n bí ètè ìyàwó tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kí gíláàsì àkànṣe kejì dojú kọ ọ́, kí áyódíìnì wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ìkejì yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ta ni yóò dúró de òmíràn láti òkè òkun? Ó ra páànù tuntun ní Dùgbẹ̀, ó gé e, ó fi dípò.

Abẹ́rẹ́ mítà tó fi ń wọn iná sì fò kọjá ibi tí tàwọn òyìnbó dé!

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè jókòó. Ó gbé gíláàsì wá sílé sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ó so táì, ó tú u, ó tún un so. Ó jáde lọ wo ojú ọ̀run, ó wọlé, ó tún jáde. Ìkùukùu ṣú bo gbogbo Bódìjà. Ó sáré gbé gíláàsì àti mítà sójú fèrèsé. Abẹ́rẹ́ dúró digbí lókè.

"Fúnlọ́lá! Wá wò ó! Oòrùn ò sí, ó sì ń ṣiṣẹ́!"

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Ìrètí, àbí gíláàsì yín ò tíì gbọ́ pé oòrùn ti lọ ni?"

"Ìwọ máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ ní Bíbélì ní sùkúù, kí o fi oòrùn sílẹ̀ fún mi."

"Mo ti fi sílẹ̀, Pùròfẹ́sọ̀. Ẹ̀kọ yín ń tutù."

Kò jẹ ẹ́.

Nínú láàbù, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèṣọlá, obìnrin kúkurú tí kì í rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà títí.

"Kí lẹ fi ṣe ojú kejì?"

"Páànù, mà. Ọgbọ́n ilé wa ni. Àwọn òyìnbó ò ronú débẹ̀."

"Wọ́n ronú débẹ̀. Áyódíìnì máa ń jẹ páànù, ìjẹ náà ló sì ń mú iná jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn."

"Rárá o, mà! Oòrùn ni! Kódà, lábẹ́ ìkùukùu..." Ó ti ń rìn yí tábìlì ká. "Ẹ bi ìyàwó mi!"

"Kò le, Dókítà. Bó bá jẹ́ oòrùn ni, tí a bá bò ó, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀."

Ó mú fáìlì dúdú kan tó nípọn, ó fi bo gíláàsì náà pátápátá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, Ayẹni dúró lójú kan.

Abẹ́rẹ́ náà kò mira.