Páálí Àwọn Ọlọ́sẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kó gbogbo ẹrù inú yàrá ìkẹ́rùsí jáde, ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n rí eku níbẹ̀ ni. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó wá oògùn eku, ó ti ń ká apá aṣọ sókè kí mánéjà tuntun tó là á yé e pé kì í ṣe eku. Àwọn páálí tó wà lórí pẹpẹ ni kò fẹ́ rí mọ́, gbogbo wọn pátá.

Bí n ò bá kọ́kọ́ sọ ẹni tó ni àwọn páálí yìí, ọ̀rọ̀ yìí ò ní yé yín. Ilé ìgbafẹ́ kan ni, ó wà létí adágún odò, ó sì ní ọgọ́ta yàrá. Ìhà àtijọ́ ibẹ̀ ní yàrá méjìlá, àwọn tó sì ń lò ó ò ra yàrá, wọn ò yá yàrá, ọ̀sẹ̀ ni wọ́n rà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀. Èèyàn á san owó ńlá lẹ́ẹ̀kan, yàrá kan á di tirẹ̀ fún ọjọ́ méje lọ́dọọdún. Bí ọjọ́ méje rẹ̀ bá ti pé, á dìde, ẹni tó ni ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á wọlé. Wọ́n á sì máa san owó díẹ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n ní ọlọ́sẹ̀, wọ́n á sì máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí ni onílé tí kì í lè pẹ́ nílé ara rẹ̀.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló ń tọ́jú ìhà àtijọ́ yìí, ọdún kọkàndínlógún rèé. Nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìbàdí ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá ń bọ̀, etí ni wàá kọ́kọ́ fi mọ̀. Òun ló sì dá àṣà páálí sílẹ̀. Lọ́dún tó kọ́kọ́ débẹ̀, ìyàwó bàbá kan tó ń tún agogo ṣe gbàgbé sálúbàtà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ó fi í sínú páálí, ó kọ nọ́ńbà yàrá sí i lára. Nígbà tí obìnrin náà padà dé lọ́dún kejì, ó bá sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tó kọjú síta bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọlọ́sẹ̀ tí kì í mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan sílẹ̀. Ẹlòmíì fi ìrọ̀rí sílẹ̀, ẹlòmíì fi ife tíì. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tó fi ìwé tó kà dé ìdajì sílẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kà á parí níbòmíì. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń ka ìwé ọ̀hún.

Bí wọ́n bá sì ń lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ máa ń sọ fún gbogbo wọn: "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, ẹrù yín ò ní kúrò níbí." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o.

Mánéjà tuntun yìí, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ ogójì ọdún ni, bàtà rẹ̀ máa ń dán, ó sì máa ń kí èèyàn. Àwọn ọ̀gá àgbà ní kó jẹ́ kí owó máa wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, ibi tí owó á gbà wọlé ló sì ń wá. Ó pe akọ̀wé owó jókòó, ó bi í pé èló ni ọlọ́sẹ̀ kan tó sí iléeṣẹ́. Akọ̀wé wo kọ̀ǹpútà, ó ka owó ìtọ́jú ọdún kan fún un. Kò sí nǹkan mìíràn lábẹ́ orúkọ wọn. Mánéjà fi í wé iye tí àlejò lásán á san fún yàrá kan náà lọ́sẹ̀ kan, ó mi orí. Ó ní wọ́n kàn ń gba àyè ni. Iléeṣẹ́ á ra ọ̀sẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kó páálí wọn ránṣẹ́ sí wọn nílé, yàrá ìkẹ́rùsí á di ọ́fíìsì. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní tirẹ̀ á lọ sí ilé ìfọṣọ lẹ́yìn ọgbà fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà "a ó jọ wò ó."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta bíi tirẹ̀ mọ ohun tí "a ó jọ wò ó" ń bọ̀ wá dà.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ná, kí n tó fi ránṣẹ́. Mo ti ṣèlérí fún wọn."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. A ti tẹ káàdì tí ẹ máa fi sínú ẹ̀. Ẹ má kọ nǹkan kan kún un, àwọn lọ́yà ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọ̀gá."

"Igba ìdílé ni wọ́n, mà. Ojú yẹn ti pọ̀ jù."

Ẹ wo káàdì tí wọ́n tẹ̀. Funfun báláú, wọ́n fi ìlà dúdú yí etí rẹ̀ ká, wọ́n ya adágún odò sí i níbi tí oòrùn ti ń wọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé: "Ó dàbọ̀. A dúpẹ́ fún gbogbo ọdún tí a jọ lò." Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀. Ẹni tó ṣe káàdì yẹn ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Kò burú, ojú ẹlòmíì wà fún ẹwà nìkan.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fi di páálí. Ó nu ife, ó fi bébà wé wọn, ó fọ sálúbàtà ìyàwó alágogo lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dùn ún gan-an. Iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ dùn ún lóòótọ́, àmọ́ ohun tí àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ fún un nílé ló dùn ún jù. Àbúrò yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́jẹ́.

"Àlejò ọjọ́ méje lọ́dún, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì ń ṣe bí ẹni pé ẹbí yín ni wọ́n. Bí wọ́n bá pàdé yín lójú títì láìsí kọ́kọ́rọ́ nídìí yín, ṣé wọ́n á tiẹ̀ mọ̀ yín?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kó àwo, ó lọ fọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yẹn ò ti jẹ́ kó sinmi. Ṣé ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe èèyàn fún àwọn tí kò rí i? Wọ́n á gba páálí, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó gbé páálí tó kẹ́yìn sínú ọkọ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò nínú ìdì fún mánéjà, ó kọjá sí ilé ìfọṣọ.

Ẹ̀yìn ló tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyàwó alágogo ló kọ́kọ́ tú páálí tirẹ̀. Ó rí sálúbàtà, ó rí káàdì onílà dúdú bí irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ fún ìsìnkú. Ó rántí ìlérí yẹn. Ó pe ilé ìgbafẹ́ lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ti gba ìkìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìhà àtijọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti ìhà àtijọ́, òótọ́ ló sọ. "Kò sí níbí mọ́, mà. Ẹ má bínú, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Nọ́ọ̀sì àgbà náà pè, èsì kan náà ló gbà. Àwọn ọlọ́sẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti máa ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó jẹ́ kí ìdí ìkòkò yàrá jó. Lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó rántí ìkòkò. Alágogo ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ó ní bí iléeṣẹ́ ò bá fẹ́ sọ ibi tí wọ́n sin obìnrin náà sí, àwọn á lọ bá wọn lójúkojú.

Ọjọ́ Sátidé ni, àárín ìgbà òjò, tó jẹ́ pé yàrá márùn-ún péré ló ní èèyàn nínú ọgọ́ta. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ọmọbìnrin tó ń gba àlejò sáré wọlé, kò rí èémí mí.

"Mà, ọkọ̀ ti kún iwájú ilé. Gbogbo wọn ló wọ aṣọ dúdú."

"Háà. Ta ló kú?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀yin ni, mà."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ pa áyọ́ọ̀nù, ó ní kí iná má lọ jó aṣọ nígbà tí òun ń lọ wo òkú ara òun. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà wá. Ìdílé mẹ́tàlélógójì ló dúró sábẹ́ òrùlé iwájú ilé, àwọn kan gbé òdòdó dání, àwọn kan kó ọmọ, àna àti aládùúgbò wọn wá, alágogo ṣí fìlà sọ́wọ́ níwájú mánéjà. Àfi bí ìyàwó alágogo ṣe gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì yíjú tó fi bú sẹ́kún.

"Ṣé ẹ̀yin nìyí?" ni alágogo bi í.

"Èmi ni, sà. Ilé ìfọṣọ ni wọ́n gbé mi lọ, kì í ṣe ibojì."

Wọ́n bò ó. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń sunkún ń sunkún. Ìyàwó alágogo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń sunkún yín. Ta ló máa san omi ojú mi padà báyìí?" Nọ́ọ̀sì àgbà yọ ìwé rẹ̀ jáde lábíyá, ó ní òun ti pinnu láti ka ìyókù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fẹ́ bú wọn pé kí ló kó wọn wá nínú irú òjò báyìí, àmọ́ òdòdó tí wọ́n kó wá fún òkú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Wọ́n mọ òun. Bí òun bá kú, wọ́n á wá.

Òjò náà wá le gan-an, kò sẹ́ni tó lè padà sílé mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gba gbogbo yàrá tó ṣófo, wọ́n sì san owó àlejò lásán láìjanpata. Búrẹ́dì tán nílé ìdáná. Mánéjà fúnra rẹ̀ ló ń pín fọ́ọ̀mù tí àlejò máa ń kọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ka ìlà tó kẹ́yìn fún ìgbà àkọ́kọ́: "Ta ló júwe wa fún yín?" Àna ẹnì kan kọ síbẹ̀ pé ìyá ìyàwó òun ni, ọlọ́sẹ̀. Aládùúgbò ẹlòmíì kọ irú ẹ̀. Ó bi akọ̀wé owó pé ibo ni àwọn fọ́ọ̀mù àtẹ̀yìnwá wà. Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ti ọdún méje, kò sẹ́ni tó kà wọ́n rí. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń kà á títí di ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè. Nínú àlejò mẹ́wàá tó ń wá síbẹ̀, mẹ́fà ló jẹ́ pé ọlọ́sẹ̀ kan ló ní kí wọ́n wá. Kò hàn lábẹ́ orúkọ ọlọ́sẹ̀ nítorí pé orúkọ àwọn tí wọ́n júwe ibẹ̀ fún ni kọ̀ǹpútà gbà.

Mánéjà wá sí ilé ìfọṣọ pẹ̀lú bàtà tí ẹrẹ̀ ti bà jẹ́.

"Mà, mo ṣe àṣìṣe. Ẹ̀yin ló yẹ kí n bi léèrè, mo lọ bi akọ̀wé."

"Kí lẹ̀ bá bi mí?"

"Èló ni ọlọ́sẹ̀ kan tó sí wa."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rò ó wò. "N ò mọ iye, ọ̀gá. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó bá fi sálúbàtà sílẹ̀ á padà wá wọ̀ ọ́, kì í sì í dá nìkan wá."

Mánéjà ní òun á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí àwọn ọ̀gá àgbà. Ó ní òun ò lè búra pé wọ́n á gbà, àmọ́ ẹni tó bá ka iye fọ́ọ̀mù yẹn tó ṣì fẹ́ lé ọlọ́sẹ̀, kó wá gba iṣẹ́ òun ṣe. Ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí lé e lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, òjò dá. Ìyàwó alágogo bọ́ sálúbàtà lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà, ó na sálúbàtà náà sí Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà gbé ìwé rẹ̀ lé sálúbàtà náà lórí, bébà kékeré ṣì wà níbi tó kà á dé. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn wọn pẹ̀lú ife àti ìrọ̀rí.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ la ẹnu. "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà—"

"Ẹ dákun," ni gbogbo wọn wí papọ̀, "ẹ má sọ ìyẹn mọ́."

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Ẹ kàn sọ pé ó dàmọ́dún," ni alágogo wí.

"Ó dára. Ó dàmọ́dún."

Ó dúró títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi jáde ní géètì. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó sún tábìlì ọ́fíìsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé sálúbàtà sórí pẹpẹ, ó sì kọjú rẹ̀ síta.