Oúnjẹ Olúwa Lẹ́nu Màmá

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti dá àlùfáà wa dúró. Ẹnu mi kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ìyá mi gan-an ló sọ mí ní Abẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe torí pé mo ń ránṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa. Látìgbà tí apá ọ̀tún Màmá ti rọ ni ọ̀fun wọn ò ti ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Oúnjẹ lílọ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Tí búrẹ́dì yín bá há wọn lọ́fun ńkọ́? Ta ni kí n mú?"

Ó gbá àpótí kékeré tó kó Oúnjẹ Olúwa sí mọ́ àyà. Ọmọdé ni lójú mi, àmọ́ ó ní sùúrù. "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá fúnra wọn ló ránṣẹ́ pè mí."

Òótọ́ ni. Oṣù mẹ́rin ni Màmá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí mo ti ń ránṣọ, torí ibẹ̀ ni fèrèsé ti tóbi jù. Màá máa tẹ ẹ̀rọ, wọ́n á máa wò mí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bóyá àlùfáà ti ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn á kú láìtún fẹnu kan Ara Olúwa.

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún fún ọkọ mi tó ń ṣàìsàn. Ọjọ́ kejìlélógún ló kú. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ká má jọ jẹun mọ́. Mo ń bá Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, àmọ́ tí wọ́n bá ti pe èèyàn síbi tábìlì Olúwa, orí ìjókòó ni mo máa ń wà, tí màá lejú koko.

"Abẹ́rẹ́," Màmá pè láti inú yàrá, ahọ́n wọn ń wọ́, "jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Ta ni mo jẹ́? Mo yà fún un.

Ó rọra kó aṣọ tí mo ti gé kúrò lórí tábìlì, ó tẹ́ aṣọ funfun sí i, ó gbàdúrà. Ó wá bu búrẹ́dì tó mọ bí èékánná ọmọ tuntun, ó fi sínú síbí, ó da wáìnì lé e títí ó fi rọ̀. Mo jẹ́ kí Màmá fara tì mí, mo tẹ orí wọn síwájú díẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi.

"Ara Olúwa wa Jésù Kristi."

"Àmín." Màmá la ẹnu.

Wọ́n gbìyànjú. Ọ̀fun wọn lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, kò gbé nǹkan kan mì. Wáìnì ń ṣàn létè ọ̀tún. Wọ́n húkọ́, mo kígbe "Yéè!", mo fi àtẹ́lẹwọ́ gba àgbọ̀n wọn, búrẹ́dì náà sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Màmá wò ó. Omi dà lójú wọn.

"Ó kọ̀ mí," ni wọ́n wí. "Olúwa ò fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ mi mọ́."

Àlùfáà na ọwọ́ láti gba búrẹ́dì náà lọ́wọ́ mi, torí wọn kì í sọ ọ́ nù. Jíjẹ ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ tán. Mo wo nǹkan kékeré tó tutù yẹn. Ẹnu ìyá mi ló ti jáde. Ìyá tó máa ń jẹ ẹran kúnná kó tó fi sí mi lẹ́nu nígbà tí mi ò tíì léyín, kí ni mo fẹ́ máa rí lára níbẹ̀? Mi ò rántí ìjà kankan. Mo jù ú sẹ́nu, mo gbé e mì.

Àrá ò sán, ilé ò mì. Àmọ́ mo mọ̀ pé a ju mẹ́ta lọ nínú yàrá yẹn. Ẹni náà sún mọ́ mi pẹ́kípẹ́kí, kò sì bi mí níbi tí mo ti wà látọjọ́ yìí. Mo bú sẹ́kún.

"Màmá, kò kọ̀ yín o," mo sọ ọ́ sí wọn létí. "Ẹnu yín ló gbà wá bá mi."

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára, wọ́n fi nu ètè mi.

"Ṣé o gbé e mì?"

"Mo gbé e mì, mà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n gbé orí lé mi léjìká.

"Mo ti yó," ni wọ́n wí.