Sípíríìnì Ẹ̀yìn Kọ̀rólà

Fàtíà ti yí kóònù tó gbẹ̀yìn kọjá kí ó tó mọ̀ pé nǹkan kan kò lọ bó ṣe yẹ. Mọ́tò náà kò fì.

Kọ̀rólà yìí, tí Fàtíà ti ń wà láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti wà láyé, kì í yí kọ́nà kí ìdí rẹ̀ má fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí arúgbó tó ń fi ìdí wá àga. Ó ti mọ́ Fàtíà lára débi pé ejìká rẹ̀ a máa dúró de fífì náà. Lónìí ejìká rẹ̀ dúró dè é, kò dé. Mọ́tò di ilẹ̀ mú ṣinṣin, ó sì yọ sí òdì kejì bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á.

Ó tẹ bíréèkì níbi ìlà ìparí. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe pé, "Tíṣà, ẹ ti pa wọ́n o!" Fàtíà bọ́ àṣíborí rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Egan ni wọ́n wà, ní gbàgede ọlọ́dà kan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gáréèjì nígbà kan tí wọ́n sì pa tì. Lọ́jọ́ Sunday kan lóṣooṣù, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò wíwà a máa to kóònù pupa síbẹ̀, wọ́n á máa wọ àárín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ka aago fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sá a, èyí tó yá jù ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀ẹ̀kejì Fàtíà ló parí yìí; ẹ̀ẹ̀kíní, ó rọra wà á láti fi mọ ọ̀nà ni. Ẹni tó bá gbá kóònù, wọ́n á fi kún aago rẹ̀.

Kí ẹni tó ní mọ́tò alágbára má baà fi ojú ẹni tó gbé mọ́tò ilé wá gbolẹ̀, wọ́n pín wọn sí kíláàsì méjì. Mọ́tò tó bá wà bó ṣe jáde nílé iṣẹ́, Àbínibí ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n bá ti yí nǹkan padà lára rẹ̀, Àtúnṣe ni. Táyà, bátìrì, ọ́ìlì, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Àmọ́ tí o bá fi ẹ́ńjìnnì mìíràn, sálẹ́ńsà mìíràn tàbí sípíríìnì mìíràn sí i, o ti kúrò ní Àbínibí nìyẹn, ì báà yá sí i, ì báà má yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, Tolúwalọpẹ́, ọmọkùnrin kan láti Igando, bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

"Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ, sálẹ́ńsà yìí ò jẹ́ kó sáré o. Ariwo lásán ló ń pa!"

Akínlẹ́yẹ ni alábòójútó tó ń yẹ mọ́tò wò, ọkùnrin gíga tó wọ ṣòkòtò funfun wá síbi eruku. Ó ní, "Ariwo náà, Àtúnṣe ni. Kọjá sọ́hùn-ún."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Fàtíà náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Akínlẹ́yẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Kọ̀rólà rẹ̀, ó wo táyà, ó wo sálẹ́ńsà láti òkèèrè, ó ní, "Àbínibí. Máa lọ."

Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ni Fàtíà bá wá. Mọ́tò náà fúnra rẹ̀ ló bá wá. Nígbà tí bàbá wọn kú, Àlùfáà pín ogún bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀: ìpín méjì fún ọkùnrin, ìpín kan fún obìnrin. Ilẹ̀ ṣeé pín, Kọ̀rólà ò ṣeé pín. Nàfíù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ní kí wọ́n tà á kí oníkálukú mú tirẹ̀. Fàtíà ní mọ́tò yẹn ni òun fi ń kọ́ àwọn obìnrin ní mọ́tò wíwà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí wọ́n bá tà á, kí ni òun fẹ́ máa fi kọ́ wọn, àga?

"Ó dáa," ni Nàfíù wí, "mú ìpín tìẹ. Ọwọ́ iwájú lo fẹ́ ni àbí búùtù?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á, títí di ọjọ́ kan tí Nàfíù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ìyá wọn, Àlhájà Mọ̀dínátù. Ó ní, "Ṣebí o ní o mọ mọ́tò wà? Lọ gba ipò kínní ní Egan, ní kíláàsì tí wọ́n bá fi ẹ́ sí. Tí o bá gbà á, mo yọ̀ǹda ìpín mi méjèèjì. Tí o ò bá gbà á, ọjọ́ yẹn náà ni màá tà á." Àlhájà ní òun gbọ́. Nílé wọn, ohun tí Àlhájà bá ti ní òun gbọ́, kò sẹ́ni tó ń yí i padà mọ́.

Ìdí nìyẹn tí Nàfíù fi dúró létí gbàgede náà lónìí pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀. Ọláyíwọlá lorúkọ rẹ̀, oníṣòwò táìlì ní Ìdímù ni. Láti àárọ̀ ló ti ń wo Kọ̀rólà náà bí ẹni tó ń wo àgbò iléyá, tó ń fojú wọn ibi tí ẹran wà.

Wọ́n kọ aago sójú pátákó. Fàtíà ló wà lókè ní Àbínibí. Charity, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gba ipò kínní lóṣooṣù, ló tẹ̀ lé e, àlàfo tó wà láàárín wọn kì í ṣe kékeré.

Charity rìn wá, ó gbé àṣíborí rẹ̀ há abíyá. "Fàtíà, kí lo jẹ láàárọ̀ yìí? Ẹ̀wà ni àbí pẹtiróòlù?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Wò ó, èmi tí wọ́n ń nà ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń nà mí ń fajú ro. Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Fàtíà ní kò sí. Ó fẹ́ gbà pé kò sí. Ó kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun ló já sí i, pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí òun fi ń dá yí káàkiri lẹ́yìn iṣẹ́ ló so èso. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ èèyàn kì í yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Friday, Nàfíù gbé mọ́tò náà lọ, ó ní òun fẹ́ fọ̀ ọ́ kí oníbàárà rí i ní mímọ́. Kò gbé e dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ta ló ń fi odindi ọjọ́ kan fọ mọ́tò?

Ó lọ sídìí Kọ̀rólà, ó tẹ́ àkísà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó tan iná fóònù sábẹ́ rẹ̀. Sípíríìnì ẹ̀yìn méjèèjì nípọn, wọ́n sì kúrú, ọ̀dà búlúù ṣì wà lára wọn. Èyí tí Kọ̀rólà ń lò tẹ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti dógùn-ún.

Ó pe Nàfíù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ṣe sí mọ́tò yìí?"

"Kí ni mo ṣe sí i? Ìdí ẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, mo ní kí Abdulsobur mẹkáníìkì bá mi gbé e dìde. Ta ló fẹ́ ra mọ́tò tó jókòó sílẹ̀ bí adìẹ tó ń sàba?"

"Sípíríìnì mọ́tò mìíràn lẹ fi sí i."

"Ṣé kò dáa ni? Mo rí bí o ṣe ń yí kọ́nà o. Mo ní, háà, àbúrò mi!"

"Àbínibí ni wọ́n kọ mí sí. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n máa lé mi kúrò níbẹ̀."

Nàfíù wẹ̀yìn wo Ọláyíwọlá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló fẹ́ rí i? Ọ̀gá oníṣòkòtò funfun yẹn? Lọ sá ẹ̀ẹ̀kan tó kù ẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà ò ní sọ."

Èmi náà ò ní sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló já Fàtíà láyà ju sípíríìnì lọ. Ó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Fàtíà wà lọ́mọdé, ó fọ́ rédíò bàbá wọn, Nàfíù ní òun ò ní sọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ di ti Nàfíù, aṣọ Nàfíù ni ó ń fọ̀, ó di ọjọ́ tó wọlé ọkọ kí ó tó bọ́. Tí ó bá fi sípíríìnì yìí gba ipò kínní, mọ́tò á jẹ́ tirẹ̀ lójú Àlhájà, àmọ́ abẹ́ ahọ́n Nàfíù ni yóò máa gbé. Ọjọ́ tó bá fẹ́ ni yóò tu ú jáde.

Tí ó bá sì sọ ọ́ ńkọ́? Wọ́n á kó gbogbo aago rẹ̀ lọ sí Àtúnṣe. Tolúwalọpẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò tó yá ju Kọ̀rólà lọ. Kò ní gba ipò kínní. Kí oòrùn tó wọ̀, Kọ̀rólà ti wà ní Ìdímù.

Wọ́n ti ń pe Charity kó wá sá ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òun ló kàn. Fàtíà rí i pé òun ti ń rìn kí ó tó mọ ibi tí òun ń lọ.

"Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ, ẹ yọ mí kúrò ní Àbínibí."

"Kí ló dé?"

"Sípíríìnì ẹ̀yìn mọ́tò mi, kì í ṣe tirẹ̀."

Akínlẹ́yẹ wò ó. "Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀."

"Ẹ wo iwájú, ẹ ò wo abẹ́."

Ọkùnrin náà wo ṣòkòtò funfun rẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé ìwọ lo wà níwájú? Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ ẹ sùn."

"Mo mọ̀, sà."

"Tí mo bá ti kéde ẹ̀, mi ò ní dá a padà o."

"Ẹ kéde ẹ̀."

Fàtíà kò fẹ́ kí ó tún bi òun lẹ́ẹ̀kẹta. Tó bá tún bi òun, òun lè ní kó fi í sílẹ̀. Akínlẹ́yẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì ká gbogbo Egan: "Kọ̀rólà Fàtíà, láti Àbínibí sí Àtúnṣe. Sípíríìnì ẹ̀yìn ni wọ́n pààrọ̀." Charity, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlà ìparí, yọ orí jáde lójú fèrèsé, kò mọ̀ bóyá kí òun yọ̀ ni tàbí kí òun bú ẹni tó sọ ọ́.

Fàtíà sá ẹ̀ẹ̀kẹta bí ẹni tí ajá ń lé. Ní báyìí tí ó ti mọ ohun tó wà lábẹ́ òun, kò dúró de fífì mọ́. Ó ju mọ́tò náà sí kọ́nà, ó tẹ iná kí ó tó yọ. Kóònù kan mì lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣubú. Kò tíì sáré tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó, Tolúwalọpẹ́ ṣì wà lókè. Fàtíà ló tẹ̀ lé e.

Kò tíì bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Nàfíù ti dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ó tán nìyẹn. Níwájú Àlhájà la ti sọ ọ́. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Kí Fàtíà tó na kọ́kọ́rọ́ sí i, Ọláyíwọlá ti wà lẹ́yìn wọn.

"Nàfíù, kí ni mo gbọ́ nínú ẹ̀rọ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni, ẹ̀gbọ́n. Kò kan ọjà wa."

"Ó kàn án. Kí ni mo sọ fún ẹ ní ṣọ́ọ̀bù? Mo ní mọ́tò tí mẹkáníìkì ò tíì tú ni mo ń wá. O búra, o ní bí wọ́n ṣe bí i ló wà."

"Sípíríìnì lásán ni!"

"Sípíríìnì ni èyí tí mo gbọ́. Èyí tí mi ò gbọ́ ńkọ́?"

Ọláyíwọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ àńkárá rẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò, ó dìde, ó gbọn eruku ikùn. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, èyí tó fi gbé Nàfíù wá, ó sì lọ. Nàfíù ń sá tẹ̀ lé e, ó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó ń pè é ní Alágbà, títí eruku fi bò ó.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti ń túká, Nàfíù padà wá, ó ṣí ilẹ̀kùn Kọ̀rólà, ó jókòó. Kò rí nǹkan mìíràn tí yóò gbé e délé.

"O ti ba ọjà mi jẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ lọ gbé e dìde."

"O pàdánù o, o sì mọ̀. Oníbàárà ò tán nílẹ̀. Lọ́la màá rí ẹlòmíràn."

"Mo mọ̀." Ó mọ̀ lóòótọ́. Àyà rẹ̀ ò sì tíì rọlẹ̀. Ó ṣáná sí mọ́tò. "Àlhájà máa bi wá bó ṣe jẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ ni àbí èmi?"

"Sọ fún un pé o ò gba ipò kínní."

"Màá sọ ọ́. Màá sọ ẹni tó pààrọ̀ sípíríìnì pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí òun sọ bóyá ó tán."

Nígbà tí wọ́n dé oríta, Fàtíà kò yà sí ọ̀nà ilé.

"Níbo lò ń gbé mi lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Abdulsobur. Kó dá sípíríìnì tiwa padà sí i. Ibo ló kó o sí?"

Àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù a máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Abdulsobur kọjá nírọ̀lẹ́, kò sì sí irin tí wọ́n rí tí wọn kì í dúró sí. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ní ibo ló kó o sí?"

"Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ lọ́jọ́ Friday," ni Nàfíù wí. Ó wo oòrùn. "Mi ò mọ ti òní."

Fàtíà ki jíà bọ̀ ọ́, ó tẹ iná.